Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń yan àfikún sí sọ́fítíwià, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó béèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú ìgbìmọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ sì kú ìjókòó gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé àga yẹn kì í tura. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó sídìí fóònù àwọn oníbàárà kí n tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ kóòdù, nítorí náà mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí níwájú, mo sì ti rí i lẹ́yìn: mo ti jẹ́ ẹni tó ń gba ìbéèrè wọlé, mo sì ti jẹ́ ẹni tí wọ́n gbé ìbéèrè náà lé lórí pé kó kọ ọ́ tán kí oṣù tó parí. Íméèlì ni mo kọ́kọ́ kọ sí yín lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ẹ fèsì pé ẹ ti rí i, ẹ ó wò ó. Mo wá rò ó pé àwa nìkan kọ́ ni nǹkan yìí ń ṣe, ló jẹ́ kí n kọ ọ́ síta, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín níbòmíràn lè bá wa dá sí i.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìbéèrè èyíkéyìí pé ká lọ ṣe é, kí ẹnì kan nínú yín pe ẹni tó béèrè, kó bi í pé: kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ẹ rí i pé nǹkan yìí kò sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ní ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìbéèrè kan wà nínú ìwé ìbéèrè wa tó ti pẹ́ débi pé a sọ ọ́ lórúkọ: Bàbá Ìsàlẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni bọ́tìnì kan tí yóò kó gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà lójú ewé jáde sí Excel. Kò sí ìbéèrè mìíràn tí àwọn oníbàárà dìbò fún tó bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní ó yá, ẹ ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èmi àti ẹnì kejì mi fi wà lórí rẹ̀, nítorí kò rọrùn bó ṣe rí lójú. Tí àkọsílẹ̀ bá ti pọ̀ jù, mẹ́mórì server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá gbogbo oníbàárà ṣiṣẹ́, á kún, gbogbo ẹ̀ á dákú. Excel fúnra rẹ̀ kì í gbà ju ìlà 1,048,576 lọ lójú ewé kan. Nọ́ńbà tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, irú bíi nọ́ńbà fóònù, Excel á gé òdo náà dànù láìbi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹnì kan kọ sí 3/4 á jẹ́ oṣù kẹrin lọ́wọ́ ẹni yìí, á di oṣù kẹta lọ́wọ́ ẹni tọ̀hún. A borí gbogbo rẹ̀, a tú bọ́tìnì náà sílẹ̀, a sì pàtẹ́wọ́ fúnra wa.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ béèrè pè mí lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní, "Mà, bọ́tìnì tuntun wa ńkọ́? Ṣé ẹ ń lò ó?" Ó ní òun ń lò ó, ó mà dáa o, ó kàn jẹ́ pé ó ṣì ń gba òun ní bíi wákàtí kan. Wákàtí kan kẹ̀? Bọ́tìnì tá a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ibi tí mo wà, kó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é.

Ó tẹ bọ́tìnì, fáìlì jáde. Ó ṣí i. Òpó mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, ó pa mọ́kànlá rẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó to èyí tó kù bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbogbo ìlà tí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fi ìka ka ojú kọ̀ǹpútà kó má baà ṣì í yọ (mò ń gbọ́ bó ṣe ń ka ọjọ́ sẹ́nu). Ó ro òpó tó kẹ́yìn pọ̀. Ó ṣí íméèlì, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ti ọ̀sẹ̀ yìí rèé." Ó kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa fáìlì Excel náà dé. Excel bi í bóyá kó tọ́jú rẹ̀, ó ní rárá.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo! Gbogbo ohun tó ti ń bẹ̀ wá fún látijọ́ ni pé kí nọ́ńbà yẹn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Íméèlì kékeré kan tó ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ì bá ti parí ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta kò sì ní pé lọ́wọ́ wa ká tó kọ ọ́. Kò béèrè fún ìyẹn torí kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Excel ló mọ̀, Excel ló béèrè. Àwa tó yẹ ká mọ̀ kò bi í. A ka ìbò, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ má ṣe ohun tí oníbàárà bá béèrè. Ohun tí mò ń sọ ni pé nǹkan méjì ló máa ń wà nínú ìbéèrè kan: ìnira tó bá ẹni náà, àti oògùn tí òun fúnra rẹ̀ rò pé ó lè wò ó. Ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ti ìkejì, iṣẹ́ wa ni, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sanwó fún wa.

Ẹ wo ìbéèrè kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní in lọ́kàn rí: kí èèyàn lè pe íméèlì tó ti fi ránṣẹ́ padà. Tí ẹ bá mú un bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò ṣeé ṣe. Íméèlì tó bá ti kúrò ní server yín, tó dé ti ẹlòmíràn, ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Kò sí nínú ìlànà tí íméèlì fi ń rìn pé kẹ́ ẹ lọ fà á yọ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ mìíràn ì bá fagi lé e, kó kọ "kò ṣeé ṣe" síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2009, Google fi Undo Send, ìyẹn bọ́tìnì tó ń dá ìfiránṣẹ́ dúró, sáàárín àwọn ohun tí wọ́n ń dán wò nínú Gmail, ó sì di ara Gmail gan-an ní 2015. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọn kò pe íméèlì kankan padà. Íméèlì náà kò tíì lọ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ Send, ó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú àáyá 5, 10, 20 tàbí 30, bí ẹ bá ṣe yàn án, kó tó jáde. Ohun tí ẹnu ń béèrè ni pé kí nǹkan tó ti lọ padà. Ohun tó ń ṣe àwọn tó béèrè gan-an ni pé ọwọ́ yá ju ojú lọ, ojú sì máa ń rí àṣìṣe náà gẹ́lẹ́ tí ìka bá kúrò lórí bọ́tìnì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: "Ṣùgbọ́n ìbò ló pọ̀ lábẹ́ rẹ̀." Ẹ jẹ́ ká yẹ ìbò yìí wò. Ẹni tó ráyè ṣí ojú ewé ìbéèrè wa, tó wá ohun tó ń fẹ́ kàn níbẹ̀, tó sì tẹ àmì sí i, òun ni ìbò ń kà. Kò ka ẹni tí ọ̀rọ̀ wa ti sú, tó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò ka ẹni tí kò mọ̀ pé ojú ewé náà wà. Kò sì ka bí ìyà ṣe ń jẹ ẹni tó dìbò tó, ìbò ẹni tó kàn wù ú àti ìbò ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró pátá, ọ̀kan náà ni.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ báyìí tó jẹ́ pé ìbò mẹ́ta péré ló ní: pé tí èèyàn bá wá orúkọ tó ní àmì lórí lẹ́tà, kì í jáde. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bíi "é": ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ "e" tí àmì tẹ̀ lé. Lójú èèyàn, kò sí ìyàtọ̀. Lójú server wa, àjèjì ni wọ́n síra wọn. Ẹni tó fi fóònù forúkọ sílẹ̀, tó wá fi kọ̀ǹpútà wá ara rẹ̀, a lè sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Ká sọ méjèèjì di irú kan náà kí a tó fi wọ́n pamọ́, ká tún èyí tó ti wà nílẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbò mẹ́ta ló ní, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, bọ́tìnì tó ń yí àwọ̀ padà sì wà lókè rẹ̀.

Kódà nígbà tí ìbò bá tọ̀nà pé nǹkan wù wọ́n, kì í sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é. Àwọn tó ń tọ́jú èdè Python rí irú rẹ̀ ní 2003. Àwọn tó ń fi èdè náà kọ kóòdù ń fẹ́ ọ̀nà kúkúrú láti kọ ọ́ sórí ìlà kan pé bó bá rí báyìí, mú tibí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mú tọ̀hún. Wọ́n kọ àbá náà sílẹ̀ ní PEP 308 (PEP ni wọ́n ń pe ìwé àbá àtúnṣe Python), wọ́n sì dìbò lé e. Àwọn tó fẹ́ nǹkan náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ wà lóríṣiríṣi, kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀ tó rí ju ìdajì ìbò lọ. Wọ́n bá dá àbá náà padà: nígbà tí ọ̀nà kò bá tíì dájú, kí nǹkan wà bó ṣe wà. Ó di 2005 kí Guido van Rossum, tó dá èdè náà sílẹ̀, tó tún gbé e yẹ̀ wò, kó sì fúnra rẹ̀ yan bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ́. Ó wọlé sínú Python 2.5 ní 2006. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹ lè ṣí PEP 308 lónìí kẹ́ ẹ ka ohun tó fà á tí wọ́n fi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọn kò pa á rẹ́. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Máàkì ló kàn. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn tábìlì RICE, èyí tó ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Intercom wá: iye èèyàn tó máa kàn, bó ṣe máa kàn wọ́n tó, bó ṣe dá wa lójú tó, ẹ ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, ẹ ó sì fi iye iṣẹ́ pín in. Mi ò bá tábìlì jà. Ìjà mi wà lórí òpó kẹta, bó ṣe dá wa lójú tó. 100 ni fún ohun tí a ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́, 80 fún èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, 50 fún àbá lásán. Mo yí tábìlì wa láti òkè dé ilẹ̀: 80, 80, 80, 80. Ibo la ti rí 80, nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì bá oníbàárà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀? 50 ni gbogbo wọn. Ìpè fóònù tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí gan-an ló ń sọ 50 di 80. Òun náà ló sì máa ń sọ 50 di òdo, èrè nìyẹn náà jẹ́.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí ẹ kò ní rí nínú ìwé ìbéèrè láéláé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Noriaki Kano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ti kọ nípa ìyẹn láti 1984: ohun kan wà tí oníbàárà kà sí pé ó gbọ́dọ̀ wà, tí kì í dúpẹ́ nígbà tó bá wà, tí inú rẹ̀ sì máa ń bàjẹ́ nígbà tí kò bá sí. Kò sí ẹni tó máa jókòó kọ ọ́ sí wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi má sọnù tí iná bá lọ." Ó rò pé a ti mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá sọnù, kò ní béèrè àfikún, ó máa pè láti bú wa.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà ńlá rèé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń bá wa tajà ti ṣèlérí kí ẹ tó jókòó, owó sì wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé owó oṣù mi náà ń ti ibẹ̀ wá. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ ṣe é bó bá di dandan, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlérí ló fà á, ẹ má wá ìdí mìíràn bò ó. Bí ọdún bá yípo, tí ẹnì kan bá béèrè ìdí tí bọ́tìnì yẹn fi wà, kó rí òótọ́ kà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìlàjà yín. Tí ìgbìmọ̀ bá pín sí méjì, ìdajì fẹ́, ìdajì kò fẹ́, ẹ máa ń ní ká fi sí Settings, ibi tí oníbàárà ti ń yan bó ṣe fẹ́ kí nǹkan rí, kí ẹni tó bá wù tàn án. Ó dà bíi pé kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ohun kan tó ṣeé tàn tó ṣeé pa sọ sọ́fítíwià kan di méjì. Méjì irú ẹ̀ sọ ọ́ di mẹ́rin. Mẹ́wàá sọ ọ́ di 1,024, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 1,024 yẹn ni oníbàárà kan lè máa lò, tó sì lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Tiwa ti kọjá mẹ́wàá tipẹ́. Kéèyàn bímọ kò tó, títọ́ ló ni iṣẹ́: gbogbo ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí, a ó máa dán an wò, a ó máa ṣàlàyé rẹ̀, a ó máa gbé e kọjá sínú gbogbo àtúnṣe tó bá ń bọ̀, títí sọ́fítíwià náà yóò fi kúrò láyé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ kọ síwájú rẹ̀ nínú tábìlì, owó ìsọmọlórúkọ lásán nìyẹn.

Ká wá sọ pé ẹ ti pè, ẹ ti mọ ìnira náà, ó sì tó ohun tí à ń ṣe. Ẹ má tíì ní ká kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe é fún ẹnì kan. Ká ní mo ti bá obìnrin yẹn ṣírò nọ́ńbà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, èmi ì bá ti mọ̀ bóyá ọ̀gá náà ń ka íméèlì ọ̀hún rárá. Tó bá kẹ́sẹ járí, ká kọ èyí tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́, ká fi feature flag, ìyẹn ohun tí a fi ń tàn án tàbí pa á fún ẹni tá a bá yàn, sí i lára, ká tàn án fún oníbàárà díẹ̀ kí gbogbo ayé tó rí i. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí a ó padà wá wò ó sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí a bá rí tí a ó fi mọ̀ pé ká yọ ọ́. Ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Tí a bá ti kọ́ nǹkan tán, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ wá lọ́kàn, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ yọ ohunkóhun. Èmi náà fẹ́ràn bọ́tìnì Excel mi dòní.

Bí ẹ kò bá sì ní ṣe é, ẹ sọ. "A ó wò ó" kì í ṣe èsì. Dai Clegg tó gbé MoSCoW, ọ̀nà kan láti to iṣẹ́ bó ṣe ṣe pàtàkì sí, jáde ní 1994 pín nǹkan sí mẹ́rin: èyí tó di dandan, èyí tó yẹ, èyí tó bá ṣeé ṣe, àti èyí tí a kò ní ṣe lásìkò yìí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo ìgbìmọ̀ ń lò. Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Nígbà tí mo wà nídìí fóònù, kì í ṣe ẹni tí mo sọ fún pé rárá ló ń bínú jù, pàápàá tí mo bá sọ ìdí ẹ̀ fún un. Ẹni tó ń bínú ni ẹni tó pè lẹ́ẹ̀karùn-ún, tó ń bi mí pé "ṣé ẹ ti wò ó?" tí èmi náà ń purọ́ pé wọ́n ń wò ó. Ẹ kọ rárá yín síbi tí gbogbo èèyàn lè rí i, ẹ kọ ìdí sábẹ́ rẹ̀ bí ti PEP 308, kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí tuntun lè padà wá.

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lórí tábìlì yín fún Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Mi ò gba àṣẹ, ẹ má bínú, mo ti pe àwọn tó béèrè. Ẹni tó fẹ́ kí a fi dark mode, ìyẹn ojú ewé dúdú, sí i sọ pé alẹ́ lòun ń ṣiṣẹ́, ojú ewé wa funfun jù, ojú ń ro òun. Ohun tó béèrè gan-an ló ń fẹ́, ẹ lè fọwọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ kí wíwá fáìlì túbọ̀ yá sọ pé kì í ṣe pé ó ń lọ́ra. Òun kì í rántí orúkọ fáìlì tí òun ń wá ni, torí náà ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lòún ń wá a. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn fáìlì tó ṣí kẹ́yìn hàn án. Ẹni kẹta kò gbé fóònù. Mo máa tún pè é láàárọ̀ ọ̀la kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ẹnì kan láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù yín